Kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48: ohun tí mo rí nídìí BitLocker àti VeraCrypt

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi BitLocker, ètò ìtìpa háàdì tó bá Windows wá, ti láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìlọrin, tí mo sì ń fi VeraCrypt ti háàdì alágbèéká tí mo ń kó ẹ̀dà àwọn àkọsílẹ̀ náà sí. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé kí ẹni tí kò ni kọ̀ǹpútà má lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó já mi kulẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn títi háàdì kò mọ sí ti olè nìkan. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ojú kan náà ni kọ̀ǹpútà fi ń wo olè àti onílé, àwọn onílé tí mo sì ti rí tí wọ́n sunkún nítorí rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí olè pa lẹ́kún lọ. Bí mo ṣe bá èyí tó dára àti èyí tó léwu pàdé ni mo fẹ́ sọ, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Láptọ́ọ̀pù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jí gbé lọ́dún 2022, nínú ọkọ̀ tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi wòlímọ̀ kan ní Tanke. Owó rẹ̀ kò dùn mí tó ohun tó bá a lọ. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní igba wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, nọ́ńbà àkáǹtì wọn, BVN àwọn tó yá owó àti fọ́tò àwọn tó ṣe onídùúró fún wọn. Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni ìwé gbèsè. Ẹni tó mọ ìlú yìí yóò mọ̀ pé ènìyàn lè fara mọ́ ọn kí olè mọ iye tó wà ní báńkì òun, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ kí àna òun gbọ́ pé ẹgbẹ́ ni òun yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ òun. Odindi oṣù méjì ni mo fi ń retí ẹni tí yóò pè mí pé àṣírí òun ti tú.

Mo ń tu ara mi nínú pé ọ̀rọ̀ aṣínà wà lórí Windows náà, àfi ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹnjiníà tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ẹ̀bá Challenge. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé èyíkéyìí wá nínú àwọn kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kí n má sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún òun. Nígbà tí mo gbé e dé, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, ó tú skúrù méjì, ó sì fa háàdì náà yọ, ohun tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ki wáyà kan bọ̀ ọ́, ó so wáyà náà mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí n sì tó mu píọ̀ wọ́tà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé fún mi tán, fọ́tò onídùúró àkọ́kọ́ ti yọ. "Bùọ̀dá, ẹnu géètì ni ọ̀rọ̀ aṣínà yín dúró sí," ni ó wí, "ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé."

Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni BitLocker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dí. Kí ohunkóhun tó balẹ̀ sórí háàdì ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di àdììtú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fa háàdì náà yọ lọ síbòmíràn kò ní rí nǹkan kan àfi ìdàrúdàpọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ọgbọ́n ìṣirò tó wọ́pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí ni AES, tí àwọn ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, gbé kalẹ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní 2001. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó rí ọ̀nà tó wúlò láti já a; àwọn tó ń wọ inú háàdì tí a tì, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń wá jí, wọn kì í fọ́ ìlẹ̀kùn. Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí a ń tẹ̀ kọ́ ló ń ti dátà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti dá kọ́kọ́rọ́ gígùn kan fún ìyẹn. Ọ̀rọ̀ aṣínà tiwa ń ti àpótí tí kọ́kọ́rọ́ náà wà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà ní ìṣẹ́jú kan láìtún háàdì tì látìbẹ̀rẹ̀, ìdí kan náà sì ni pé bí ibi kékeré tí àpótí náà wà lórí háàdì bá bàjẹ́, gbogbo ìyókù lè di aláìwúlò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo fi rọ́pò èyí tí wọ́n jí, Windows 11 Pro ni mo sì bá lórí rẹ̀. Mo dárúkọ Pro nítorí pé odindi BitLocker kò sí lórí Home. Àbúrò rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Device Encryption ló wà níbẹ̀, mo sì máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní Home bọ́ sí Pro lọ́dọ̀ Microsoft yóò san dọ́là 99, èyí tí kì í ṣe owó kékeré fún wa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí BitLocker bi mí ni ibi tí mo fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, èyí tí a fi ń ṣí háàdì bí kò bá ṣí bí ó ṣe máa ń ṣí, wà: nínú àkáǹtì Microsoft mi, nínú fáìlì kan, tàbí lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí bóyá kí òun ti ibi tí nǹkan wà nìkan, tàbí gbogbo háàdì pátá. Gbogbo rẹ̀ ni mo mú, nítorí pé ohun tí ènìyàn pa rẹ́ kì í tètè kúrò lórí háàdì, èmi náà sì ti kọ àwọn nǹkan kan síbẹ̀ tí mo ti pa rẹ́ kí n tó rántí ọ̀rọ̀ títì.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni mo bẹ̀rẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kejì sì ni bátìrì náà kú, nígbà tí iṣẹ́ dé ìdá 41 nínú 100. Àyà mi já. Nígbà tí iná dé tí mo tan án, ibi tó dé dúró ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí lóru. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi yìn ín nìyẹn, nítorí pé èmi rò pé àwọn tó ṣe é kò mọ irú iná tiwa. Síbẹ̀, n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é láìkọ́kọ́ kó ẹ̀dà gbogbo nǹkan síbòmíràn. Kò sí ibi kan lórí háàdì tí iṣẹ́ yẹn kò ní fọwọ́ kàn, háàdì tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ sì lè yan ọjọ́ náà láti kú.

Kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà náà jẹ́ nọ́ńbà 48, tí wọ́n pín sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, mẹ́fà mẹ́fà. N kò jẹ́ gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti tẹ̀ ẹ́, níbi tí fáìlì gbogbo ayé ti ń sùn lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́. Ìgbà tí mo ń kọ ọ́ ni mo rí ọgbọ́n tí wọ́n dá sínú rẹ̀: ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣeé fi 11 pín láìṣẹ́kù. Bí àpẹẹrẹ, 135795 lè jẹ́ ọ̀wọ́ kan, nítorí pé 11 lọ́nà 12345 ni; bí ènìyàn bá ṣèèṣì tẹ 135796, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé ọ̀wọ́ yẹn ni kò tọ́, kí ó lè tún un ṣe. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù mi, mo sì pín ọ̀wọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí mo kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kọ̀. Mo wò ó padà, mo rí i pé ẹẹ́je ni mo kọ síbi tí oókan wà. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ó ṣe ìṣirò yìí kí ó tó di àpòòwé náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà á.

Ní ti ìyára, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Láti 2010 ni Intel ti ń kọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà wọn ní iṣẹ́ AES ní tààrà. Àwọn Core 2 Duo àtijọ́ tó ṣì ń rìn káàkiri ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní in, wọn yóò sì fà bí ìgbín.

Ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ni BitLocker fi ojú rẹ̀ kejì hàn mí. Àjàṣẹ́-Ìpo ni a ti ṣe é ní ọdún náà, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà àti Òrò. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Windows ti fi àpdéètì sí BIOS kọ̀ǹpútà mi, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà, èmi kò sì kà á sí. Nígbà tí mo tan án níwájú ìjókòó, ojú rẹ̀ di búlúù, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà wá. Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM, tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ló ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́, kì í sì í yọ ọ́ sílẹ̀ àfi bí gbogbo ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà náà bá rí bí ó ṣe mọ̀ wọ́n. BIOS ti yí padà, ara fu TPM. Bí mo bá ti dá BitLocker dúró fúngbà díẹ̀ kí n tó gba àpdéètì náà, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere, kò ní ṣẹlẹ̀.

N kò fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àkáǹtì Microsoft. Àpòòwé kan ṣoṣo tó wà nítòsí wà lọ́wọ́ Àlàájà akápò wa, tí kò lè wá nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Mo jáde síta, mo pè é.

"Ẹ kú ilé, Ìyá. Ẹ dákun, ẹ bá mi mú àpòòwé tí mo fún yín lọ́jọ́sí, ẹ já a."

"Ṣé kò sí nǹkan, ọmọ mi?"

"Kò sí o, Ìyá. Kọ̀ǹpútà ló ní òun kò mọ̀ mí mọ́."

Ó wá awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn: ẹẹ́rin, òdo, ẹẹ́sàn-án. Mo gbé fóònù sí èjìká, mo ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé ọ̀wọ́ karùn-ún, kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un kà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹẹ́fà lo kọ síbí ni àbí òdo? Orí ẹẹ́fà rẹ kúrú jù." Ẹẹ́fà ni. Nígbà tí Windows fi ṣí, alága ti ní kí Àáfáà tún ṣe àdúà kejì, àwọn tó jókòó lẹ́yìn sì ti ń fi ìwé ètò ìpàdé fẹ́ ara wọn.

Ohun tó ṣe mí ní Àjàṣẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù keje 2024, nígbà tí àpdéètì tó láṣìṣe láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, dá kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri ayé. Àtúnṣe rẹ̀ kò le, kí a ṣáà ti pa fáìlì kan rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni BitLocker tì, ó sì di dandan kí ẹnìkan jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan láti tẹ nọ́ńbà 48. Àwọn iléeṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà tó dákú bákan náà ni àkójọ kọ́kọ́rọ́ wọn wà.

Mo ṣèlérí láti padà sórí Device Encryption, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti dùn mí jù. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe másítàsì ní yunifásítì kan nítòsí wa ra láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Windows 11 Home tó wà lórí rẹ̀ ní dandan òun fẹ́ ímeèlì kí òun tó ṣí, ẹni tó ń tà á sì tẹ ímeèlì kan tó dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó parí ètò náà, ó gbé kọ̀ǹpútà fún un, owó wọlé. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀dà 24H2 ti jáde ní 2024, Windows 11 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àkáǹtì Microsoft tò ń ti háàdì fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, tí ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì náà. Oṣù mọ́kànlá ni ọmọbìnrin náà fi gba ohùn àwọn amọ̀kòkò ní Dàda, ní Òkèlele, sínú kọ̀ǹpútà yẹn, tó ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò. Pátákó ńlá inú rẹ̀ (motherboard) bàjẹ́. Ẹnjiníà pààrọ̀ rẹ̀, TPM tó mọ kọ́kọ́rọ́ sì bá pátákó àtijọ́ lọ. Ojú kọ̀ǹpútà di búlúù.

Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Ọ̀gbẹ́ni náà kò bínú, kò sì purọ́. Ó ní ímeèlì tuntun ni àwọn máa ń dá fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ tó ṣe tirẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn, kò sì sí ẹni tó rántí orúkọ tó tẹ̀. Ẹnjiníà mẹ́ta ló gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn pé àwọn yóò ṣí i. Kò sí ẹnjiníà tó lè ṣí i. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n nu háàdì náà, kí ó lè tún wúlò fún ẹlòmíràn, ohùn àwọn ìyá amọ̀kòkò yẹn kò sì sí nínú ohun tí ó máa wúlò fún. Mo bá a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnjiníà kẹta, n kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù ní Taiwo, ní Challenge, tàbí níbikíbi, pé kí wọ́n má gbé e kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ ímeèlì ta ló wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n wọ Settings, kí wọ́n wá Device encryption lábẹ́ Privacy & security. Bí ó bá wà ní títàn, kí wọ́n fi ímeèlì tiwọn wọlé, kí wọ́n lọ sí aka.ms/myrecoverykey lórí fóònù, kí wọ́n sì rí kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú ojú ara wọn. Bí wọn kò bá rí i, kí wọ́n pa á, kí wọ́n dúró títí háàdì yóò fi ṣí tán, kí wọ́n tó tún un tì. Èyí ni mo fi yọ máàkì lára ọjà Microsoft yìí. Títì tí a kò sọ fún onílé pé a ti tì kì í ṣe ààbò fún un, ó sì yẹ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ gan-an tí oníbàárà máa rí.

Ní ti agbára ìlẹ̀kùn náà, ibi méjì ni mo ti rí àyè. BitLocker bí ó ṣe máa ń wà kì í béèrè nǹkan kan kí ó tó jí. TPM yóò fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, Windows yóò sì ṣí dé ojú ìwé ìwọlé. Ní 2024, ẹnìkan fi hàn pé lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tí TPM wọn dá dúró lórí pátákó, irinṣẹ́ tí kò tó dọ́là 10 lè gbọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú àáyá 43 sì tó fún un. Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun tí TPM wọn wà nínú ọpọlọ kò ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wa ń lò. Olè inú ọkọ̀ ní Tanke kò ní ṣe ìyọnu yẹn. Ẹni tó bá ní ohun tí ẹnìkan lè wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀ kí ó fi PIN kún un, èyí tí kọ̀ǹpútà yóò máa béèrè kí ó tó jí. Inú Group Policy, apá àwọn ètò ìjìnlẹ̀ nínú Windows, ni wọ́n fi í pamọ́ sí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò sì nílò olùrànlọ́wọ́. Àyè kejì ni oorun. Láptọ́ọ̀pù tí a kàn pa dé láìpa á kú ṣì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nínú ìrántí rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Princeton fi hàn ní 2008 pé ohun tó wà nínú ìrántí náà kì í tètè parẹ́ lẹ́yìn tí iná bá kú, pàápàá bí wọ́n bá mú un tutù. Mo ti ṣètò tèmi kí ó máa ṣe hibernate nígbà tí mo bá pa á dé, ìyẹn ni kí ó kó ohun inú ìrántí rẹ̀ sórí háàdì, kí ó sì kú pátápátá. Ó máa ń gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí ó tó jí, n kò kà á sí.

VeraCrypt, ìwà tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n tẹ́ gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Mounir Idrassi ló gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 2013, láti ara TrueCrypt, èyí tí àwọn tó ṣe é, tí wọn kò fi orúkọ wọn hàn rí, pa tì lójijì ní oṣù karùn-ún 2014. Ìdí tí mo fi mú un fún háàdì alágbèéká dípò BitLocker ni pé Mac ni alága wa ń lò, Mac kò sì mọ BitLocker.

Kò sí ẹni tí a lè bẹ̀ nídìí VeraCrypt. Kò ní nọ́ńbà 48, kò ní àkáǹtì, kò ní ọ́fíìsì. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stefan Thomas, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, fi kọ́kọ́rọ́ bitcoin 7,002 sínú fíláàṣì kan tó ń ti ara rẹ̀, irú èyí tó ń pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ bí ènìyàn bá ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó sì sọ ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí nù. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2021, ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Mo máa ń rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn VeraCrypt fúnra wọn ń dámọ̀ràn ọ̀rọ̀ aṣínà tó tó lẹ́tà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá ni mo fi ṣe tèmi, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan tí wọn kò bá ara wọn tan, kì í sì í ṣe oríkì tàbí òwe, nítorí pé gbogbo ẹbí ló mọ oríkì mi. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọgbọ́n kan pẹ̀lú ìpayà. Mo ti kọ́kọ́ fi ẹ àti ṣ olámì ìsàlẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé háàdì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ní Òmù-Àrán, kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà tẹ àmì yẹn, háàdì náà sì kọ̀ mí jálẹ̀ títí mo fi padà sílé. Lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ní ni kí ènìyàn lò níbẹ̀, kí ó fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé kíkọ.

Ewu rẹ̀ kejì ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú mi. Windows kò dá háàdì tí VeraCrypt tì mọ̀. Bí a bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, Windows yóò sọ pé kí a ṣe format rẹ̀ kí ó tó lè wúlò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti kó fọ́tò ìgbéyàwó, mo sì bá ọwọ́ rẹ̀ lórí bọ́tìnnì "Format disk" nígbà tí mo wọlé. Mo pariwo. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀rẹ̀ háàdì, níbi tí àpótí kọ́kọ́rọ́ wà, ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. VeraCrypt máa ń fi ẹ̀dà àpótí yẹn sí ìparí háàdì, ó sì ń jẹ́ kí a kó ẹ̀dà mìíràn síbòmíràn; mo ti kó tèmi sórí fíláàṣì, mo sì ti lẹ téèpù funfun mọ́ ẹ̀yìn háàdì náà, mo kọ "MÁ ṢE FORMAT" sí i lára gàdàgbà.

Àwọn ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò lè ṣe, tí àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé wọ́n ń ṣe. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ṣí, ó ti ṣí. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó bá wọlé nígbà náà yóò ka gbogbo nǹkan bí èmi náà ṣe ń kà á, ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ nígbà tí mo lọ jẹun kò nílò kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ tó bá sì wà lọ́dọ̀ Microsoft, Microsoft lè yọ̀ǹda rẹ̀ bí òfin bá pàṣẹ fún wọn. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí kò dí wa lọ́wọ́. Òfin wà lẹ́yìn wa ni. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 ka sísọ dátà di àdììtú mọ́ ọ̀nà tí ẹni tó ń tọ́jú dátà ènìyàn lè gbà dáàbò bò ó, ó sì fún un ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà, létí bí dátà tó lè kó ènìyàn sí wàhálà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2022, bí òfin yẹn bá ti wà, n kò mọ bí ǹ bá ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà.

Bí ó bá jẹ́ ti máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún BitLocker lórí Pro, mẹ́rin péré ni mo fún Device Encryption títí wọn yóò fi máa sọ fún onílé. VeraCrypt gba méje, fún ẹni tó lè fara balẹ̀. Ẹni tó ń gbàgbé PIN káàdì ATM rẹ̀ kí ó má sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù láàárín àwọn ìgbìmọ̀ wa kò tilẹ̀ jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà. Alága ló béèrè pé bí ọlọ́jọ́ bá dé bá akọ̀wé ńkọ́, ta ni yóò ṣí ìwé àwọn olówó. Ó wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, gbogbo wa sì dákẹ́. A wá fẹnu kò pé àpòòwé méjì ni yóò wà, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan nínú àpótí irin alága, kọ́kọ́rọ́ BitLocker àti ọ̀rọ̀ aṣínà VeraCrypt nínú méjèèjì, kí wọ́n fi èdìdì dì í, kí a sì máa já a wò ní ọdọọdún bóyá ó ṣì ń ṣí nǹkan. Ní oṣù tó kọjá ni alága àtijọ́ fi ipò sílẹ̀, nítorí náà a ó pa kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́, a ó sì dá òmíràn, èyí tí a lè ṣe láìtún háàdì tì. Àlàájà ti ní kí n fi gègé dúdú kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí n sì jẹ́ kí orí ẹẹ́fà gùn.